Rọ́ọ̀gì Amazigh: ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀

Ìbéèrè: "London ni mò ń gbé, mo sì ń lọ sí Marrakech ní Mòrókò lóṣù tó ń bọ̀. Rọ́ọ̀gì funfun onílà dúdú tí wọ́n ń pè ní Beni Ouarain wù mí gan-an. Ẹnì kan ti fi àwòrán ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ó ti pé 80 ọdún, ó sì kọ ìtumọ̀ gbogbo àmì ara rẹ̀ tì í. Báwo ni wọ́n ṣe ń hun ún gan-an? Kí ló já mọ́ fún àwọn obìnrin tó ń hun ún? Báwo ni mo ṣe máa dá ojúlówó mọ̀?"

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó o, arábìnrin wa. Ìtumọ̀ àmì tó kọ ránṣẹ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ pa tì, nítorí kò sí ohun tó rọrùn fún oníṣòwò tó ìtàn. Irun, òwú àti kókó tí wọ́n ta ni kò rọrùn láti fi purọ́, ẹ̀yìn rọ́ọ̀gì ni wọ́n sì ti ń hàn. Ohun tó já mọ́ fún àwọn tó ń hun ún náà, inú iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló wà jù, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú àwòrán ojú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn yìí fi máa bẹ̀rẹ̀ láti ara àgùntàn.

Àwọn Amazigh ni ìwé àtijọ́ ń pè ní Berber. Wọ́n ti wà ní àríwá Áfíríkà kí àwọn Lárúbáwá tó dé, láti Mòrókò lọ dé Líbíà. Àwọn Tuareg tó wà ní Niger àti Màlì, ara wọn ni. Ní Mòrókò, òfin orílẹ̀-èdè tọdún 2011 ló sọ Tamazight, èdè wọn, di èdè ìjọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lárúbáwá. Beni Ouarain kì í ṣe orúkọ rọ́ọ̀gì níbẹ̀rẹ̀. Orúkọ àwọn ẹ̀yà Amazigh kan tó ń sin àgùntàn ni, ní ìhà ìlà-oòrùn Òkè Atlas Àárín, níbi tí yìnyín ti ń bọ́ lásìkò òtútù. Ibùsùn àti ìbora ni wọ́n ń hun, wọ́n á sì kọ ẹ̀gbẹ́ onírun sí ara kí ó lè móoru. Rọ́ọ̀gì àtijọ́ wọn máa ń gùn, kì í sì í fẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò fẹ̀ tó mítà méjì, nítorí òfì tí ẹran lè rù láti ibùdó kan dé òmíràn ni wọ́n fi hun ún. Bí wọ́n bá fi èyí tó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta tó sì gùn ní mítà mẹ́rin hàn yín, tí wọ́n ní ó ti pé 80 ọdún, ẹ jẹ́ kó yé yín pé ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pálọ̀ àwọn òyìnbó ni wọ́n hun ún fún, láìpẹ́ yìí.

Wọ́n ń rẹ́ irun àgùntàn nígbà tí òtútù bá ti kọjá. Irun tó wá láti ara àgùntàn tó wà láàyè ṣì ní ọ̀rá rẹ̀ nínú, ó ń dán, ó sì ń nà. Irun kejì wà tí àwọn oníṣòwò kì í dárúkọ rẹ̀: èyí tó wá láti ara awọ àgùntàn tí wọ́n ti pa, pàápàá lẹ́yìn Iléyá, tí àwọn tó ń ṣe awọ fi kẹ́míkà mú kúrò. Irun òkú ẹran nìyẹn. Ó gbẹ, ó ń ṣẹ́, kì í mu aró dáadáa, rọ́ọ̀gì tí wọ́n bá sì fi ṣe á máa gbọn irun dànù lọ́dọọdún. Rọ́ọ̀gì tuntun èyíkéyìí máa ń gbọn irun díẹ̀ ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ìyẹn kì í ṣe àléébù. Ẹ fi àtàńpàkò àti ìka fa irun rẹ̀ ní ibi mẹ́ta: bí fọ́nrán díẹ̀ bá jáde, kò burú, bí ó bá jẹ́ wẹ́wẹ́ tó ti ṣẹ́ ló kún ọwọ́ yín, ẹ gbé e kalẹ̀.

Lódò ni wọ́n ti ń fọ irun náà, wọ́n á fi igi lù ú, wọ́n á sì sá a. Omi tó gbóná jù á kó gbogbo ọ̀rá rẹ̀ lọ. Bí ó bá ti inú omi gbígbóná bọ́ sínú omi tútù lójijì, á lẹ̀ mọ́ra, kò ní ṣeé ran mọ́. Ìdọ̀tí àti ọ̀rá tó ń bá omi lọ lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Rọ́ọ̀gì onírun gígùn tó fẹ̀ ní mítà méjì tó sì gùn ní mítà mẹ́ta máa ń wọn nǹkan bíi kìlò 15 sí 25; irun tí wọn kò tíì fọ̀ tó máa wọ inú rẹ̀ á tó kìlò 30 sí 50. Àgùntàn kan kọ́ ló máa pèsè ìyẹn.

Lẹ́yìn èyí irun á pín sí méjì. Àwọn tó gùn, òòyà onírin eléyín gígùn ni wọ́n fi ń yà wọ́n kí wọ́n lè tò tẹ̀ lé ara wọn. Àwọn ni wọ́n ń ran di òwú ìnàró, èyí tó ń dúró lóòró lórí òfì. Òwú yìí gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì le, torí òun ló máa ru gbogbo ẹrù. Àwọn tó kúrú, wọ́n á fi pátákó méjì tó ní irin wẹ́wẹ́ lójú gbọ̀n wọ́n, wọ́n á sì ran wọ́n lọ́nà tó rọ̀, fún òwú ìdábùú, èyí tó ń gba ìbú kọjá, àti fún irun ojú rọ́ọ̀gì. Ẹni tó bá fi òwú rírọ̀ ṣe ìnàró, á máa já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì fi òwú líle ta kókó, kókó náà kò ní fẹ̀, rọ́ọ̀gì á le gbagidi, ìdí rẹ̀ á sì máa hàn.

Títa òwú ìnàró ni ibi tí iṣẹ́ ti ń dára tàbí tí ń bàjẹ́. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á gbá òpó irin méjì mọ́lẹ̀. Ìjìnnà wọn síra ni gígùn rọ́ọ̀gì, pẹ̀lú àlékún fún ìpẹ̀kun tí ọwọ́ kò ní ráyè hun. Obìnrin méjì á jókòó, ẹnì kan nídìí òpó kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kẹta á máa lọ á máa bọ̀ pẹ̀lú ìdì òwú lọ́wọ́. Nígbàkúùgbà tó bá dé ìdí òpó, ẹni tó jókòó á fi okùn míì lọ́ mọ́ fọ́nrán náà, kó má bàa sún, kí àyè àárín wọn sì dọ́gba. Òpó kẹta tún wà láàárín. Fọ́nrán kan á gba iwájú rẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á gba ẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni fọ́nrán iwájú àti ti ẹ̀yìn ti ń pínyà. Ẹni tó ń rìn kò gbọ́dọ̀ fa òwú le láàárọ̀ kó wá dẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Àléébù yẹn kì í hàn lórí òfì. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé rọ́ọ̀gì sílẹ̀ ni àárín rẹ̀ tàbí etí rẹ̀ á wú, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè tẹ́ ẹ kó dọ́gba mọ́ ilẹ̀ mọ́.

Okùn tí àwọn tó jókòó lọ́ mọ́ fọ́nrán yẹn wúlò fún ẹ̀yin tó fẹ́ rà. Wọ́n máa ń rán an mọ́ igi òfì, ní ọ̀pọ̀ rọ́ọ̀gì ó sì máa ń kù sí etí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, tí etí náà á fi dí, tó lágbára. Etí kejì, ibi tí wọ́n ti gé e, ló máa ní òwú jọwọrọ tàbí tí wọ́n á dì í ní dídì. Nítorí náà orí méjèèjì kì í jọra. Bí òwú jọwọrọ orí méjèèjì bá bára mu rẹ́gí, ẹ wò ó dáadáa: ṣé láti inú rọ́ọ̀gì ló ti jáde ni, àbí ńṣe ni wọ́n rán an mọ́ ọn lẹ́yìn?

Òfì náà ní igi kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, òpó méjì ló sì gbé wọn dúró. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń hun lọ sókè. Èyí tó bá ti parí, wọ́n á ká a mọ́ igi ìsàlẹ̀. Kò ní ọ̀kọ̀, kò sì ní ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ẹni tó bá ti rí òfì tí àwọn ìyá wa fi ń hun kíjìpá á tètè lóye rẹ̀. Igi kan wà tí wọ́n fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ gbogbo fọ́nrán ẹ̀yìn. Ọ̀pá esùsú tó wà láàárín òwú ni wọ́n ń tì sókè sódò láti pààrọ̀ ẹnu rẹ̀, àlàfo tí òwú ìdábùú ń gbà kọjá. Òòyà onírin tó wúwo, taska, ni wọ́n fi ń gbá òwú ìdábùú mọ́lẹ̀.

Kókó tó wọ́pọ̀ jù kò ṣòro. Wọ́n á gbé òwú lé orí fọ́nrán ìnàró méjì, wọ́n á mú etí rẹ̀ méjèèjì gba ẹ̀yìn, wọ́n á fà wọ́n jáde láàárín fọ́nrán méjèèjì, wọ́n á wá fà á wálẹ̀ kó fún. Àwọn kókó míì tó díjú jù bẹ́ẹ̀ wà. Nígbà tí ìlà kókó kan bá parí, òwú ìdábùú ló kàn, ibí sì ni rọ́ọ̀gì àwọn ará òkè ti yàtọ̀ sí ti àwọn ará ìlú bíi Rabat. Láàárín ìlà kókó kan àti èkejì, òwú ìdábùú lè jẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà míì mẹ́wàá. Irun tó gùn, sẹ̀ǹtímítà méjì sí márùn-ún, á ṣubú bo àlàfo náà. Nítorí náà, kókó tó fọ́nká kì í ṣe àmì iṣẹ́ ọ̀lẹ níbí. Ohun tó ń jẹ́ kí rọ́ọ̀gì náà rọ̀, kó ṣeé ká, kó sì ṣeé fi bora nìyẹn.

Ẹ ka kókó láti ẹ̀yìn. Ẹ fi rúlà wọn sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú, 10 ní òró. Ká ní ẹ rí kókó 20 ní ìbú àti ìlà 12 ní òró: 240 nìyẹn, tó jẹ́ 24,000 nínú mítà kan ní ìbú àti òró. Rọ́ọ̀gì mítà méjì sí mẹ́ta á ní 144,000. Bí obìnrin kan bá ń ta kókó 4,000 lójúmọ́, tó sì tún ń dáná, tó ń pọnmi, ọjọ́ 36 ni iṣẹ́ kókó nìkan. Ẹ tún fi fífọ irun, yíya rẹ̀ àti ríran rẹ̀ kún un; òwú ríran ló máa ń gba àkókò jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ìṣirò yìí sọ́kàn nígbà tí wọ́n bá ń dá iye lé e, torí owó tó bá kéré jù, ẹnì kan ni wọn kò san tirẹ̀ fún.

Àléébù méjì ló wọ́pọ̀ lójú òfì. Bí obìnrin bá fa òwú ìdábùú le láti etí dé etí, rọ́ọ̀gì á fún pọ̀ láàárín. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń tẹ òwú náà ní kọrọkọrọ kí wọ́n tó gbá a, tí wọ́n sì ń fi okùn fa etí rọ́ọ̀gì mọ́ òpó. Bí ọwọ́ ẹni tó wà lápá ọ̀tún bá wúwo ju ti apá òsì lọ, apá kan á ga ju èkejì. Ẹ ṣẹ́ rọ́ọ̀gì náà sí méjì ní ìbú, kí ẹ wo bí igun ṣe bá igun. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò tó ohun à ń jà sí, ọwọ́ èèyàn ló ṣe é. Bí ó bá wọn rẹ́gí láìsí ìyàtọ̀ kankan, ìyẹn ló yẹ kó fu yín lára.

Beni Ouarain tó wù yín, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á láró. Funfun rẹ̀ ni irun àgùntàn funfun, ìlà dúdú rẹ̀ ni irun àgùntàn dúdú. Irun dúdú ti ẹ̀dá kì í dúdú pátápátá, orí rẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀ bí oòrùn bá ti pa á pẹ́. Bí dúdú náà bá ṣú dọ́gba láti orí dé ìdí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ aró. Ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún bóyá á ràn. Rọ́ọ̀gì Taznakht, ìlú kan ní gúúsù Mòrókò, ló ní aró púpọ̀: pupa láti ara gbòǹgbò madder, tí wọ́n ń pè ní tarubia, búlúù láti ara ẹ̀lú, òféfèé láti ara ewé oríṣiríṣi àti nígbà míì saffron, nítorí Taliouine tó wà nítòsí ni wọ́n ti ń gbìn ín. Fún pupa, wọ́n á kọ́kọ́ fi álọ́ọ̀mù gíráàmù 15 sí 20 se gíráàmù 100 irun, wọ́n á wá kó o sínú omi gbòǹgbò tí wọ́n ti gún, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó ti irun náà. Wákàtí kan lórí iná, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ hó. Bí ó bá hó, pupa á ṣú di búráwùn. Dúdú tí wọ́n fi èèpo pomegranate àti irin ṣe máa ń jẹ irun náà bó bá pẹ́, tó fi jẹ́ pé ní rọ́ọ̀gì àgbà, ibi dúdú á ti jẹ wọlé nígbà tí pupa ṣì ga. Irú èyí ṣòroó fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ṣe. Aró kẹ́míkà nìkan kò sì sọ rọ́ọ̀gì di tuntun, torí láti apá kejì sẹ́ńtúrì 19 ni irú aró bẹ́ẹ̀ ti ń wọ ọjà.

Ó wá ku ohun tó já mọ́. Láti ìgbà tí òwú ìnàró bá ti gun orí igi ni aẓeṭṭa, òfì náà, ti di ohun abẹ̀mí lójú ọ̀pọ̀ ìyá ní Mòrókò. Ó ní ìgbà èwe, ó ní ìgbà àgbà, gígé ni ikú rẹ̀. Ní abúlé púpọ̀, wọ́n á wọ́n omi sí i lára kí wọ́n tó gé e, wọ́n á sì sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nídìí òkú. Irun àgùntàn fúnra rẹ̀ ní bàráká, ìyẹn ìbùkún. A kì í gba orí òwú tí wọ́n ń ta nílẹ̀ kọjá lásán. Àwọn kan máa ń mú ọmọdébìnrin gba àárín òwú náà kọjá kí ara rẹ̀ lè di pípadé fún ọkùnrin. Tqaf ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì tú u kí ó tó lọ ilé ọkọ. Àwọn ìyá kan sì máa ń sọ pé obìnrin tó bá hun rọ́ọ̀gì 40 láyé rẹ̀, ọ̀nà ọ̀run ti là fún un. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ láìsí àmì kankan lójú rọ́ọ̀gì. Èyí tó jẹ́ funfun gbalaja náà ní tirẹ̀.

Ní ti àmì, òótọ́ ni pé onígun mẹ́rin tó dúró lórí igun, ìlà wọ́kuwọ̀ku àti àwọn tó jọ ọ́ wà lára rọ́ọ̀gì, lára ìkòkò, àti lára fínfín tí àwọn ìyá àgbà fín sójú. Àwọn obìnrin ní orúkọ fún wọn: ojú, òòyà, ejò, àkekèé, ayùn. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ojú àti àmì ìka márùn-ún ń dènà ojú burúkú. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í ṣe gbólóhùn. Àmì kan náà ń jẹ́ nǹkan mìíràn ní abúlé kejì, obìnrin mìíràn á sì sọ fún yín pé bí ìyá òun ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá ka rọ́ọ̀gì fún yín bí ìwé, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọjà ló ń tà. Ẹ kíyè sí ⵣ pàápàá, lẹ́tà kan nínú álífábẹ́ẹ̀tì Tamazight. Àmì àwọn Amazigh lónìí ni, ó wà láàárín àsíá wọn, àsíá náà kò sì ṣáájú àwọn ọdún 1970. Bí ó bá hàn gbangba láàárín rọ́ọ̀gì tí wọ́n ní ó ti pé 80 ọdún, ó yẹ kí ọdún 80 náà fu yín lára.

Ibi tí aṣọ ti ń sọ̀rọ̀ ketekete ni ara ìbora tí obìnrin ń wọ̀, handira. Lọ́dọ̀ àwọn Aït Hadiddou, ẹ̀yà Amazigh kan ní agbègbè Imilchil, bí ìlà rẹ̀ ṣe tò ń fi ìdílé tí obìnrin ti wá hàn. Ìyẹn kò nílò atúmọ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ lókèèrè ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn orúkọ tí wọ́n ń pè lọ́jà náà ní ìtàn tiwọn. Lásìkò ìjọba Faransé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1912, Prosper Ricard, òṣìṣẹ́ ìjọba náà, kó irú rọ́ọ̀gì Mòrókò jọ sínú ìwé ńlá mẹ́rin láàárín 1923 sí 1934, ìjọba sì ń lu òǹtẹ̀ ìdánilójú mọ́ àwọn tó bá bá ìlànà mu. Ìpín tí wọ́n ṣe nígbà náà ṣì wà lẹ́nu àwọn oníṣòwò. Obìnrin ló ń hun. Ọkùnrin ló sábà máa ń gbé e lọ sí ọjà ọ̀sẹ̀, alárinà á rà á níbẹ̀, á tún un tà ní Marrakech. Kí ó tó dé ọwọ́ yín, orúkọ ẹni tó hun ún ti sọnù lójú ọ̀nà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin wà ní Taznakht àti níbòmíràn tí ẹ ti lè rà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Dar Si Said ní Marrakech, ilé àkójọ aṣọ híhun àti rọ́ọ̀gì, kí ojú yín lè mọ bí àgbà rọ́ọ̀gì ṣe ń rí.

Nígbà tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n yí i padà. Bí ẹ bá rí aṣọ tí wọ́n fi gáàmù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ẹ̀rọ tó dà bí ìbọn ọwọ́ ni wọ́n fi gún irun mọ́ ọn, wọn kò hun ún. Òwú ìnàró tó jẹ́ kọ́tìnì (òwú oko), tí kì í ṣe irun àgùntàn, wọ́pọ̀ ní tuntun, kì í sì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ó kàn tako ìtàn 80 ọdún ni. Ẹ la irun rẹ̀ sí méjì: oòrùn àti ọjọ́ orí máa ń ṣá orí irun, ìdí rẹ̀ á ṣì dúdú díẹ̀. Bí orí àti ìdí bá ṣá dọ́gba, tí irun náà gbẹ, tó sì ń rùn díẹ̀, bílíìṣì ni wọ́n fi sọ ọ́ di àgbà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ já fọ́nrán kan kí ẹ sì ṣáná sí i níta: irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jó, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́, àkírílíìkì, òwú tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, á yọ́ di kókó líle.

Bí ẹ bá ti gbé e dé London, òólá, kòkòrò tó ń jẹ aṣọ, ni ọ̀tá rẹ̀. Abẹ́ àga àti ibi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀ ló fẹ́ràn. Ẹ máa fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku nu ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀, láìlo búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí, torí ó ń fa irun jáde. Ẹ yí orí rẹ̀ padà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ pamọ́, ẹ ká a, ẹ má ṣẹ́ ẹ. Èyí tó kéré tí òólá ti wọ̀, ẹ wé e sínú ọ̀rá kí ẹ sì fi sínú fíríísà tó tutù dé ìwọ̀n òdo dín 18 fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó tóbi, ọwọ́ àwọn tó ń fọ rọ́ọ̀gì ni kó lọ. Káńfọ̀ tí ẹ bá jù sábẹ́ rẹ̀ nínú pálọ̀ kò ní pa ẹyin òólá. Inú ọ̀rá tó dí pinpin nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́.